Ooru Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rò: Bí A Ṣe Ń Gbé Peugeot 504 Àtijọ́ Rin Ìrìn Àjò Jíjìn Láti Ilẹ̀ Ọ̀kún

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún kúrò ní Kàbbà, ní ilẹ̀ Ọ̀kún ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lọ sí Ìlọrin, Àbújá tàbí Èkó, ooru ni kí ó kọ́kọ́ rò. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fa kọ́kọ́rọ́ Pijó 504 rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ń gbé e rìn. Bí ọkọ̀ náà bá dá mi dúró sójú ọ̀nà, tí mo sì tú ìdí ọ̀rọ̀ wò, ooru ni mo sábà máa ń bá nídìí rẹ̀: omi tí ó hó, epo tí ó di oruku, ìyẹn ni pé ooru sọ ọ́ di bí èéfín, kí ó tó dé kabúrétọ̀ níbi tí ó ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, kọ́ìlì tí ó gbóná títí tí kò lè tanná mọ́, táyà tí ó ti gbó tí oòrùn ọ̀sán sì wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìmọ̀ràn tí mo kọ síhìn-ín, ìbáà jẹ́ ti wákàtí tí ẹ óò gbéra, ti ẹrù tí ẹ óò dì tàbí ti eré tí ẹ óò sá, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ: kí ooru má baà borí ọkọ̀ yín kí ẹ tó débi tí ẹ ń lọ.

Pijó 504 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ọkọ̀ àtijọ́ tí mo mọ̀ tinú tẹ̀yìn, tí ó sì ṣì wà ní àgbàlá ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì láàárín wa. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1969. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot tí ó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ń to 504 lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́ nínú rẹ̀ ní Faransé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà títí di òní. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje eré ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà, ẹ̀dà rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì sì tún gbà á ní 1978. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú rẹ̀ lórí ọ̀nà wa kò ní ya ẹnu sí èyí, nítorí pé sípírìn rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, ó ń gba kòtò mọ́ra. Ṣùgbọ́n ara tí ó le yẹn kì í jẹ́ kí àwa onílé rẹ̀ rántí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fẹ́ kí omi hó nínú òun rárá.

Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ọkọ̀ alágbára ti Amẹ́ríkà, irú Ford Mustang tí ó jáde ní 1964 tàbí Chevrolet Camaro tí ó tẹ̀lé e, lè lo ohun tí mo ń sọ yìí pẹ̀lú, àfi kí ó fi kún ìṣọ́ra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ń tú ooru jáde ju ti Pijó lọ, ó ń mu epo jù ú lọ, ikùn ọkọ̀ náà sì sún mọ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1960 ni ó sì ń lo bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ní iwájú, irú èyí tí agbára rẹ̀ tètè ń rẹlẹ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí ìdàgẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò

Ẹ má ṣe fi àyẹ̀wò ọkọ̀ sí alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ kí ẹ gbéra. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún un, nítorí pé ohun tí mẹkáníìkì bá tú tí ó sì tò padà gbọ́dọ̀ rìn díẹ̀ nítòsí ilé, kí àṣìṣe rẹ̀ lè hàn níbi tí ọ̀kadà ti lè gbé yín padà. Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, ẹ wa ọkọ̀ náà láti Kàbbà dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ padà, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó.

Ibi omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Irin ni ara ẹ́ńjìnnì 504, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í wú bákan náà bí wọ́n bá gbóná. Bí omi bá gbẹ, tí ẹ sì ń wà á lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré, orí náà lè tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín wọn a jó, omi a wọ inú ọ́ìlì, iṣẹ́ ńlá dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ tú omi inú rédíétọ̀ sínú ọpọ́n funfun, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, omi tí ó jáde pupa bí omi tí a fi ṣan osùn kúrò lọ́wọ́, ìpẹta sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n náà débi pé mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sínú rẹ̀. Ìpẹta yẹn ni ó ń dí àwọn ihò tóóró inú rédíétọ̀. Ẹ da omi mímọ́ sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tún tutù, ẹ tún tú u, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi tí ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà, ẹ po kúláǹtì mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, kí ẹ sì rọra dà á sí i, kí atẹ́gùn lè jáde. Àwọn kan ń sọ pé kúláǹtì kò wúlò fún wa nítorí pé omi kì í dì di yìnyín nínú ọkọ̀ nílẹ̀ wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí omi pẹ́ kí ó tó hó, ó sì ń dáàbò bo irin àti alumíníọ̀mù lọ́wọ́ omi tí ń jẹ wọ́n láti inú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ tẹ àwọn họ́ọ̀sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n tutù. Èyí tí ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ẹran tí ó jinná jù kò dára, èyí tí ó gan tí ó sì ń sán kò dára. Ẹ pààrọ̀ wọn pẹ̀lú kílíìpù wọn, kí ẹ sì tọ́jú àwọn ti àtijọ́ tí ó ṣì lè ṣiṣẹ́ sínú búùtù. Ẹ wo abẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù bóyá omi ń kán níbẹ̀. Ẹ wo fáànù pẹ̀lú: fáànù àbáwá 504 jẹ́ irú èyí tí iná mànàmáná máa ń dì mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí ó sì máa ń tú u sílẹ̀ bí ó bá tutù, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa sì ti dì í pa kí ó máa yí nígbà gbogbo. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, nítorí pé fáànù tí ń yí ju bí ó ti yẹ sàn ju èyí tí kò yí lọ. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni tẹ̀mọ́sítáàtì tí wọ́n máa ń yọ sọnù, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bí ó ti yẹ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, epo ń ṣòfò, inú sílíńdà sì ń jẹra. Tẹ̀mọ́sítáàtì tí ó bá bàjẹ́, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná: bí omi bá ti ń gbóná lọ, ojú rẹ̀ yóò là díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá sì gbé e kúrò nínú omi, yóò tún padé.

Ohun tí ó kéré jù lọ nínú gbogbo wọn ni ìdérí rédíétọ̀, òun sì ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mẹkáníìkì kan tí mo gbé ọkọ̀ fún ti fi ìdérí mìíràn rọ́pò ti tèmi, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ sì ti já. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdérí yìí kì í ṣe ọmọrí lásán: ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí omi hó nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá kọjá ibi tí omi ìkòkò ti máa ń hó. Mo gbéra lọ sí Lọ́kọ́ja ní ọ̀sán oṣù Kẹta, èmi àti ìyàwó mi àti àpò ẹ̀wà méjì. Kí a tó dé Òbájànà, mo gbóòórùn ohun kan tí ó dùn bí ṣúgà tí ó jóná. Òórùn kúláǹtì nìyẹn, ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀. Mo wo géèjì, ọ̀pá rẹ̀ ti fara ti ọwọ́ ọ̀tún. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì ti mú àkísà lọ́wọ́ láti ṣí ìdérí náà nígbà tí bàbá kan tí ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́yìn mi tí ó sì fi ìkíni ilẹ̀ wa kígbe pé, “Ọ̀kún o, ọmọ mi! Má ṣí i o!” Mo ní, “Ọ̀kún o, Bàbá, ẹ ṣeun.” Ó ní kí n fi ọwọ́ sílẹ̀, kí n lọ jókòó sábẹ́ igi, kí n má sì tíì bu omi sí i. Wákàtí kan kọjá kí ó tó jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ìdérí yẹn. Bí mo bá ṣí i lójú ẹsẹ̀, omi tí ń hó yẹn ì bá bẹ́ sí mi lójú. Bí mo bá sì bu omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná báyẹn, orí rẹ̀ ì bá sán.

Iná, bíréèkì àti táyà

Ní ti iná, 504 tí ó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì, irin kékeré tí ń ṣí tí ó sì ń padé kí púlọ́ọ̀gì lè tanná, rọrùn láti tún ṣe lójú ọ̀nà, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tò wọ́n sórí pátákó bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ bíi ti èèpo ẹ̀pà wà ní ipò tí ó yẹ. Èyí tí ó dúdú tí ó sì gbẹ bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo ti pọ̀ jù fún un. Èyí tí ó funfun bí eérú, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, nítorí pé epo kò tó o tàbí ìtanná rẹ̀ kò bọ́ sákòókò, méjèèjì sì ń bí ooru. Ẹ fi kọ́ńtáàtì tuntun sí i, kí ẹ sì wọn àlàfo rẹ̀ sí nǹkan bíi mìlímítà 0.4. Kọ́ńtáàtì àtijọ́ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ gbé lọ́wọ́ fún ìrìn àjò, nítorí pé ó ti fi ara rẹ̀ hàn, pẹ̀lú kọ́ńdẹ́ńsà kan, rótọ̀ kan àti kọ́ìlì kan. Ẹ jẹ́ kí rewáyà wo bí bátìrì ṣe ń gba iná, kí ó sì tún wáyà tí ara rẹ̀ ti bó ṣe.

Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra bí ó bá ti pẹ́, ọ̀rinrin yẹn ni ó sì máa ń hó nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ gígùn, tí ẹsẹ̀ yín yóò kàn rì lọ láìrí ohun tí ó dì í mú. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti táyà, ẹ má wo ojú nìkan. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà rìn púpọ̀, nítorí náà ojú táyà rẹ̀ lè dà bí tuntun nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ẹ wá nọ́ḿbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, nítòsí lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tí ó kẹ́yìn ni ọdún. Èyí tí ó bá jẹ́ 1822, ọ̀sẹ̀ 18 ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́fà, èmi kì í gbé e rin ìrìn àjò jíjìn, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó. Ẹ wọn atẹ́gùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, kí ẹ má sì yọ atẹ́gùn kúrò nínú táyà tí ó gbóná ní ọ̀sán nítorí pé géèjì ga. Atẹ́gùn tí ó kéré jù ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ táyà máa ká, kíká yẹn ni ó sì ń gbóná tí ó fi ń bẹ́. Kí sípíà yín náà ní atẹ́gùn.

Epo

Epo tí a ń rà nínú kéègì lẹ́bàá ọ̀nà ti ba ìrìn àjò púpọ̀ jẹ́. Ẹ ra epo yín ní ilé epo tí èrò ń wọ̀ dáadáa, kí ẹ sì de fítà tí inú rẹ̀ hàn sáàárín táǹkì àti fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù, kí ẹ lè máa rí i bí omi tàbí ìdọ̀tí bá ń bọ̀. Kí ẹ tó lọ sọ́nà jíjìn, ẹ ní láti mọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ yín ń mu, nítorí pé géèjì epo ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà sọ òtítọ́. Ẹ kún táǹkì dé ọ̀fun, ẹ rìn, ẹ tún kún un dé ibì kan náà: bí ẹ bá rin kìlómítà 250 tí ó sì gba lítà 28, ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 9 lórí lítà kan nìyẹn. Ẹ má ṣe gbé epo sínú kéègì níbi tí ènìyàn jókòó sí, pàápàá nínú wágùn tí kò sí ohun tí ó ya búùtù sọ́tọ̀ kúrò lára èrò.

Àìsàn kan tún wà tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ awakọ̀ láàmú. Ẹ gun òkè kan, ẹ dúró ra àkàrà, ẹ padà wá tan ọkọ̀, ó kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì ń tanná, táǹkì sì kún. Epo ni ó ti di oruku nínú pọ́ǹpù nítorí ooru ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù kò sì lè fa oruku. Ẹ má ṣe tú ohunkóhun. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ki àkísà bọ omi, ẹ fún un, kí ẹ sì fi bo pọ́ǹpù àti páìpù epo, ṣùgbọ́n kí omi má kán sára dísítíríbútọ̀ tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò tan. Mo ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ kabúrétọ̀ odindi nítorí àìsàn tí àkísà tútù lè wò yìí.

Àpótí inú búùtù tèmi kò tóbi. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀yà iná tí mo ti kà, fáànù bẹ́líìtì tuntun kan wà níbẹ̀, àti lítà ọ́ìlì méjì, omi bíréèkì, wáyà rírọ̀, sípánà, jáàkì, tọ́ọ̀ṣì, àmì onígun mẹ́ta tí à ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀, ohun ìpaná, àti kéègì omi oní-lítà mẹ́wàá méjì: ọ̀kan fún ọkọ̀, ọ̀kan fún ènìyàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ mu ti ọkọ̀.

Wákàtí àti ọ̀nà

Bí ojú bá ti là dáadáa, tí ẹ lè rí ojú ènìyàn láì tan iná, ni kí ẹ gbéra. Ẹ má lọ ṣáájú ìyẹn, nítorí ààbò, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Láàárín ìgbà tí ojú là àti agogo mọ́kànlá ni ọkọ̀ àtijọ́ ń gbádùn ara rẹ̀ jù lọ. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ sinmi láti agogo méjìlá sí mẹ́ta, kí ẹ sì tún máa lọ bí oòrùn bá ti rọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ibi tí ẹ ń lọ kò bá ju ibi tí ẹ lè dé kí alẹ́ tó lẹ́.

Ẹni tí ń lọ sí Àbújá yóò gba Òbájànà jáde sí Lọ́kọ́ja, nǹkan bíi kìlómítà 80 láti Kàbbà. Ọ̀nà tí ó wà láàárín Òbájànà àti Kàbbà, kìlómítà 43, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é. Ó tẹ́jú, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ńtì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe sún mọ́ ìdí wọn: afẹ́fẹ́ tí ń ti abẹ́ wọn jáde gbóná, ó sì kún fún eruku, òun gan-an sì ni rédíétọ̀ yín yóò máa mí sínú. Lọ́kọ́ja rẹlẹ̀ sí etí omi níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ooru rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Kàbbà lọ, nítorí náà ẹ gbìyànjú láti kọjá níbẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bóyá omi kò tíì bo ọ̀nà níwájú, nítorí pé ní ọdún 2022 àkúnya odò bo títì ní ìhà Kotonkárífì débi pé ọkọ̀ kò lè kọjá. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá fa omi mu kò ní dìde.

Ẹni tí ń lọ sí Ìlọrin yóò gba Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí Erúkù àti Òmù-Àrán. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ọkọ̀ àtijọ́ nítorí pé ìlú sún mọ́ ìlú, ẹ óò sì máa rí mẹkáníìkì àti fọkanáísà ní gbogbo ibi tí ẹ bá yà sí. Ẹni tí ń gba Ìyàmoyè àti Ọ̀mùò lọ sí Adó-Èkìtì ni kí ó múra fún òkè. Kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè ni kí ẹ ti yí jíà sílẹ̀, kí ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kérora; ní jíà kẹta, wọ́tà pọ́ǹpù àti fáànù ń yára yí, ooru sì ń rí ọ̀nà jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé jíà kẹrin pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó tẹ epo mọ́lẹ̀ ń sun ẹ́ńjìnnì jinná. Jíà tí ẹ fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kí bíréèkì lè rí ìsinmi.

Lójú ọ̀nà

Òfin fi kìlómítà 80 ní wákàtí kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, ìwọ̀n yẹn náà ni ó bá 504 lára mu. Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa lọ sí géèjì ìgbóná ní ìgbà gbogbo tí ẹ bá wo díńgí ẹ̀yìn. Kí ẹ mọ ibi tí ọ̀pá rẹ̀ máa ń dúró sí ní ọjọ́ tí ara ọkọ̀ bá dá, nítorí pé kí ó kúrò níbẹ̀ díẹ̀ ni ìkìlọ̀. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ó wọ pupa ti pẹ́ jù. Bí ó bá ti ń gòkè, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹ sì tan híítà dé òpin, bí ooru rẹ̀ ti wù kí ó ni yín lára tó, nítorí pé híítà náà jẹ́ rédíétọ̀ kékeré tí ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Lọ́kọ́ja, ẹ gbé jíà sí ipò òfo, kí ẹ sì tẹ epo díẹ̀ kí fáànù lè fẹ́. Bí ọ̀pá náà kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ sì ṣe ohun tí bàbá awakọ̀ yẹn kọ́ mi: ẹ jókòó sábẹ́ igi. Bí ó bá tutù tí họ́ọ̀sì òkè rọ̀ lábẹ́ ìka yín ni kí ẹ tó fi àkísà yí ìdérí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ máa rọra bu omi sí i bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó máa lọ, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde: bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ tí yóò fà yín dé ìlú tí ó kàn.

Ìwé ọkọ̀, ìwé ìwakọ̀ àti ìwé ìdánilójú pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ pé, kí gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ sì de bẹ́líìtì. 122 ni nọ́ḿbà tí ẹ lè pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sí bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá dé, ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sáré. Ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí omi yí ká, kí orí rẹ̀ sì tutù díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan agbede wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì tẹ̀ ẹ́ pẹ́: èyí tí ó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ń dì í mú tàbí bíárìn rẹ̀ ti ń gbó. Ẹ tẹ́ páálí pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó wọlé lọ sùn. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni pé “Ẹ kú àárọ̀” tán, ẹ lọ wo páálí náà: ibi tí ó dúdú, ọ́ìlì ni, ibi tí ó rin tí ó sì ń rùn bíi ṣúgà, kúláǹtì ni. Ẹ wọn ọ́ìlì, ẹ wo omi nígbà tí ó tutù, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ bù sí i sínú ìwé kékeré tí ẹ óò máa fi sí dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú kìlómítà tí ẹ rìn.